Ajá Olùrànlọ́wọ́: Ẹ Wo Iṣẹ́ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Àwòrán rẹ̀ máa ń fani mọ́ra. Ajá Labrador kan jókòó, ó wọ aṣọ pupa tí wọ́n kọ lẹ́tà òyìnbó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, káàdì ìdánimọ̀ ń fì dirodiro lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á ń sọ lórí WhatsApp pé ajá yìí lè mú afọ́jú dé Ọjà Ọba kó sì mú un padà wálé, pé ó lè ta ìyá lólobó bí wárápá bá fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀, pé bí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ bá ń bá a ṣeré, ohùn ọmọ náà yóò là. Ìdajì owó lónìí, ìdajì tó kù bí ajá bá ti wọ Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀yin alákòóso ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, bí irú ọjà yìí bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ di àpò yín mú ná. Nínú iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n kà sílẹ̀ yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni olùkọ́ ajá lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, òun náà sì ń gba nǹkan bí ọdún méjì kó tó pé. Àwọn tí wọ́n ń polówó rẹ̀ fún sì ni àwọn tí àìsàn ọmọ tàbí àìríran ti gba sùúrù lọ́wọ́ wọn, tí wọn yóò ta ilẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé ìrànlọ́wọ́ wà níbì kan.

Ajá olùrànlọ́wọ́ wà lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì jọni lójú. Ajá amọ̀nà ń mú afọ́jú rìn láìjẹ́ kó kọlu òpó iná tàbí kó já sí gọ́tà. Ajá tó wà lọ́dọ̀ adití ń fi ẹsẹ̀ kàn án lára bí ẹnì kan bá ń kanlẹ̀kùn tàbí bí ọmọ bá ń ké. Èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ń bá a mú kọ́kọ́rọ́ tó jábọ́, ó ń fa ilẹ̀kùn, ó ń tan iná. Ẹnì kan ṣoṣo ni irú ajá bẹ́ẹ̀ ń sìn. Oríṣi kejì wà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló ni ín: òṣìṣẹ́ kan ló ń darí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń jàǹfààní rẹ̀. Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, agbẹjọ́rò ìjọba kan, Ellen O'Neill-Stephens, bẹ̀rẹ̀ sí í mú Jeeter, ajá tó ń ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wá sí ilé ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní 2003. Wọ́n rí i pé ọmọ tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè la ẹnu a máa sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí bí ajá bá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Ellie, ajá tí wọ́n dìídì kọ́, wọ iṣẹ́ lọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní King County. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í gbó, kì í tọrọ oúnjẹ, kì í fò mọ́ ẹnikẹ́ni. Kó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ló ṣòro jù láti kọ́. Láti nǹkan bí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ajá amọ̀nà ti ń lọ gbé lọ́dọ̀ ẹni tí yóò tọ́ ọ. Ibẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi lé lọ́mọ ọdún kan. Wọn yóò máa gbé e wọ bọ́ọ̀sì, wọn yóò máa mú un la àárín ọjà kọjá, yóò máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga ní ilé ìjọsìn títí ìwàásù yóò fi parí. Kò gbọdọ̀ ṣa egungun nílẹ̀. Kò gbọdọ̀ lé ewúrẹ́. Ẹ̀yìn èyí ló tó bọ́ sọ́wọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, tí yóò fi oṣù púpọ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ni kì í yege. Èyí tí ìró nọ́káòtù ọdún Kérésì ń dà láàmú yóò bọ́ sílẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára adìyẹ náà yóò bọ́ sílẹ̀, wọn yóò sì wá ilé rere tí yóò máa gbé bí ajá lásán. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun fi kọ́ ajá yìí parí, bí wọ́n ṣe ń jókòó àti bí wọ́n ṣe ń dìde ló kọ́ ọ.

Jámánì ló kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ ajá amọ̀nà sílẹ̀, ní Oldenburg ní 1916, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń sọ àwọn ọmọ ogun wọn di afọ́jú. Ní 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan láti Nashville ní Amẹ́ríkà, Morris Frank, wọkọ̀ ojú omi lọ sí Switzerland, sọ́dọ̀ Dorothy Harrison Eustis tó ń tọ́ ajá níbẹ̀. Ajá tó ń jẹ́ Buddy ló bá a padà, òun àti Eustis sì dá ilé ẹ̀kọ́ The Seeing Eye sílẹ̀ ní 1929. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1931. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, Gúúsù Áfíríkà ló ṣíwájú, nígbà tí Gladys Evans, obìnrin kan tó mú ajá amọ̀nà rẹ̀ wá láti Gẹ̀ẹ́sì, dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1953.

Ẹ kíyè sí ohun tí Frank ṣe. Òun ló rìnrìn àjò lọ bá ajá. Títí di òní, ilé ẹ̀kọ́ tó mọṣẹ́ a máa pe afọ́jú wá sọ́dọ̀ ara wọn, tàbí kí olùkọ́ lọ bá a nílé, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí èèyàn àti ajá lè mọwọ́ ara wọn. Wọn yóò ti wò ó ṣáájú bí ẹni náà ṣe ń yára rìn tó, bó ṣe ga tó, irú ilé tó ń gbé, àti ibi tó máa ń lọ lójoojúmọ́. Olùtajà tí kò bi yín léèrè nípa ẹni tí yóò lo ajá, àfi nípa nọ́ńbà àkáǹtì yín, ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín.

Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe kò le. Ẹ ní kí wọ́n mú ajá wá, kí ẹni tí yóò lò ó gan-an di ìjánu rẹ̀ mú, kí olùtajà dúró lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀. Kí wọ́n rin òpópónà Ọba Adésìdà ní Àkúrẹ́ ní ọ̀sán gangan nígbà tí èrò pọ̀. Bí ará Oǹdó bá ni yín, kí wọ́n rìn láti Yàbá wọ inú ọjà. Kí wọ́n tún un rìn lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta, ní ojú ọ̀nà mìíràn. Kí ẹnì kan ju ẹran gbígbẹ sílẹ̀ níwájú ajá náà. Kí ọmọdé sáré kọjá. Bí olùtajà bá ní ó ti rẹ ajá, tàbí pé ọ̀nà jìn, tàbí pé fídíò ti tó, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Káàdì ọrùn rẹ̀ ńkọ́? Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ti wá. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu láti gbọ́ pé òfin ADA, òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláìlera ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò béèrè káàdì tàbí ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ ẹni tó ní ajá olùrànlọ́wọ́, ìjọba wọn kò sì ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ irú ajá bẹ́ẹ̀ sí. Iléeṣẹ́ ìdájọ́ wọn ti là á mọ́lẹ̀ pé àwọn káàdì tí àwọn kan ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ajá láti ṣe fún aláìlera náà ni òfin ń wò. Bí káàdì kò bá já mọ́ nǹkan kan níbi tí wọ́n ní ó ti wá, kí ló fẹ́ ṣe fún yín ní Alágbàká, Àkúrẹ́? Ohun tó ní ìtumọ̀ ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó tọ́ ajá náà. Àwọn ẹgbẹ́ àgbáyé méjì ló ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò: International Guide Dog Federation fún ajá amọ̀nà, àti Assistance Dogs International fún àwọn yòókù. Ẹ wá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́dọ̀ wọn fúnra yín. Ẹ má tẹ líǹkì tí olùtajà bá fi ránṣẹ́.

Àwa náà ní òfin. Láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni Buhari, ààrẹ ìgbà náà, ti buwọ́ lu òfin tó ka fífi ìyà jẹ akàndá ẹ̀dá àti yíyà á sọ́tọ̀ léèwọ̀, iléeṣẹ́ tó bá rú u sì lè san mílíọ̀nù kan náírà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì báǹkì kò ní ka òfin kó tó lé ajá. Ẹ kọ lẹ́tà sí báǹkì, sí ilé ìjọsìn, sí ilé ìwòsàn kí ẹ tó mú ajá lọ síbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání. Ìyẹn nìkan ni káàdì tí ẹ máa nílò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa àwọn tó ń kọ́ ajá lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ ààbò ni púpọ̀ nínú wọn kọ́: ajá ọlọ́pàá, ajá NDLEA tó ń gbóòórùn òògùn olóró, ajá tó ń ṣọ́ ọgbà ọlọ́lá. Iṣẹ́ tó níyì ni, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Ṣùgbọ́n ajá tí wọ́n kọ́ láti gé ènìyàn jẹ kò ṣeé mú wọ wọ́ọ̀dù ọmọdé, kódà bí wọ́n bá wọ aṣọ pupa mẹ́wàá fún un. Boerboel àti Rottweiler tí wọn kò rí tà bí ajá aṣọ́lé ni àwọn kan ń yí orúkọ padà fún. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ajá náà. Bí ìdáhùn bá ń yí bìrí, ẹ máa lọ.

Lórí wárápá ni irọ́ ti pọ̀ jù. Ajá lè kọ́ láti dúró ti ẹni tí wárápá gbé, láti gbó kí ará ilé gbọ́, láti tẹ bọ́tìnì ìpè. Ṣùgbọ́n pé kó mọ̀ kí wárápá tó dé, àwọn ajá díẹ̀ ló máa ń ṣe ìyẹn fúnra wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti bá ẹni náà gbé pẹ́, kò sì sí olùkọ́ tó lè ṣèlérí rẹ̀. Ìyá tó bá gba ìlérí náà gbọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fojú fo òògùn ọmọ. Owó tí wọ́n ń béèrè fún irú ajá yẹn yóò ra òògùn wárápá bíi phenobarbital tàbí carbamazepine fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ tó ní autism tí kì í sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ó lè fẹ́ràn ajá, ara rẹ̀ sì lè balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ajá yóò mú un sọ̀rọ̀ ń tà yín lóògùn àlá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ojú ọ̀nà wa. Ọ̀pọ̀ rò pé ajá ló mọ ibi tí afọ́jú ń lọ. Afọ́jú ló mọ̀nà. Òun ló ń sọ pé "ọ̀tún", "òsì", "tẹ̀síwájú", òun ló sì ń fetí sí ìró ọkọ̀ kó tó pàṣẹ pé kí wọ́n kọjá. Ajá kì í ka iná ojú pópó, kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni kó yẹra fún ohun tó dínà, kó dúró létí gọ́tà, kó sì kọ àṣẹ bí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Kíkọ àṣẹ yẹn ni ọgbọ́n tó ga jù nínú iṣẹ́ náà: ajá tó ti kọ́ láti gbọ́ràn sí ohun gbogbo tún ní láti mọ ìgbà tí kò gbọdọ̀ gbọ́. Ajá tó sì kọ́ èyí ní ìlú tí ọkọ̀ ti ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kò tíì rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lódìkejì, tí ẹrù ìṣu wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì rí ọ̀nà tí wọ́n pàtẹ tòmátì sí títí dé orí ọ̀dà. Oòrùn oṣù kejì sì ń sun ọ̀dà débi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ajá lè bó. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e, bí ẹ kò bá lè fara dà á, ajá kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Fún ìdí èyí, ọ̀pá funfun ló yẹ kó ṣíwájú. Ilé ẹ̀kọ́ ajá amọ̀nà gan-an máa ń fẹ́ kí afọ́jú ti mọ ọ̀pá lò dáadáa kó tó gba ajá. Ọ̀pá kì í jẹun, kì í ṣàìsàn, wọn kì í jí i gbé pa jẹ. Bí afọ́jú kan kò bá tíì lè fi ọ̀pá dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò rẹ̀, ẹ fi owó ajá san olùkọ́ fún un.

Mo ti mẹ́nu kan jíjí gbé. Ní Oǹdó, Ògún ń gba ajá lọ́dọọdún, àwọn kan sì ń jẹ ẹran rẹ̀ láìdúró de ọdún. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ajá tó ti gba ẹ̀kọ́ ọdún méjì wá síbẹ̀ kò gbọdọ̀ so ó síwájú ṣọ́ọ̀bù kó wọlé lọ ra búrẹ́dì. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko fi ṣíìpù ìdánimọ̀ sábẹ́ awọ rẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí ọrùn rẹ̀, kí ó má sì ṣe jáde láìsí ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò, títí kan ẹni tó ń ta ẹran ajá, mọ̀ ọ́n lójú.

Dìgbòlugi ni ẹ̀rù gidi. Kárí ayé, nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àjọ WHO ṣírò pé ó ń pa lọ́dún, ajá ló sì fà á nínú nǹkan bí 99 nínú 100. Bí àmì àìsàn náà bá ti yọ lára ènìyàn, ìwòsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ajá olùrànlọ́wọ́ ń wọ àárín ọmọdé, aláìsàn àti arúgbó. Èyí tí kò bá tíì gba àjẹsára dìgbòlugi kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Bó bá pé oṣù mẹ́ta ló ń gba àkọ́kọ́, ó sì ń gba òmíràn lọ́dọọdún. Dókítà ẹranko tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria ni kó gún un. Àwọn kan ń gbé abẹ́rẹ́ kiri nínú àpò nínú oòrùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kò sí nínú òtútù, láàárín 2 sí 8 ní ìwọ̀n Celsius, lè ti di omi lásán. Ẹ béèrè fíríìjì. Ẹ rí i pé ó lẹ bébà ara ìgò òògùn náà mọ́ káàdì.

Bí ajá kankan bá gé ènìyàn jẹ, kódà ajá tó wọ aṣọ pupa, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ata, epo tàbí irun ajá sí i. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gún un, ẹ má sì jáwọ́ láàárín nítorí pé ọgbẹ́ ti jiná, torí àìsàn náà lè fara pamọ́ fún oṣù bíi mélòó kan. Ajá náà ńkọ́? Ẹ má pa á, ẹ kò sì gbọdọ̀ kùn ún. Inú itọ́ rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ ni kòkòrò àìsàn náà wà, ọwọ́ alápatà tó ní ọgbẹ́ kékeré ti tó fún un láti wọlé. Ẹ tì í mọ́bi kan, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Àwọn ọmọ wa tó ń gbé òkè òkun tí wọ́n ní ajá olùrànlọ́wọ́ lè fẹ́ mú un wálé fún ọdún. Kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ NAQS tó ń bójú tó wíwọlé ẹranko ní Nàìjíríà kí wọ́n tó gbéra. Kí wọ́n sì ronú ìpadà: Amẹ́ríkà ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí dìgbòlugi ajá ti wọ́pọ̀, dókítà ẹranko ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé àjẹsára tí ìjọba wọn fọwọ́ sí kí ajá tó kúrò níbẹ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì le jù bẹ́ẹ̀: ajá tí wọn kò bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó wá lè dúró níbí fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó gbà á padà.

Ó ku ilé ìwé, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn. Bí ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó, ìlú tí yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn UNIMED wà láti 2015, bá fẹ́ ajá fún wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, n kò ní sọ pé kó má ṣe é. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ wà tí ajá ti lé rí, kò sì yẹ kó pàdé rẹ̀ lójijì. Mùsùlùmí wà tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tó fi ń kírun. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un láìbi í ní ìbéèrè. Ajá kò gbọdọ̀ dé ilé ìdáná, tàbí ibi tí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún wà. Kí gbogbo ọwọ́ tó bá fọwọ́ kàn án lọ fọwọ́. Kí ó ní ibi ìsinmi tí ẹnikẹ́ni kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, torí ajá tí wọ́n ń fọwọ́ pa lára láti àárọ̀ títí di alẹ́ yóò gé ẹnì kan jẹ lọ́jọ́ kan.

Ta ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀? Ibí ni mo ti ń bẹ̀rù fún àwọn ilé iṣẹ́ wa jù. Wọ́n á gbà á pẹ̀lú ayẹyẹ, kọmíṣọ́nnà á ya fọ́tò, ní oṣù kẹta yóò di ajá mẹ́gàdì. Òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà tó ti gba ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ajá náà, tó ń mú un lọ sílé rẹ̀ lálẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ẹnì kejì tí yóò dúró fún un. Kí owó oúnjẹ àti ti dókítà ẹranko wà nínú ìṣirò owó ọdọọdún. Kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tó ni ín, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ kò bá bá a lára mu, àti ilé tí yóò lọ nígbà tó bá fẹ̀yìn tì ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí wọ́n bá yanṣẹ́lódì fún oṣù méjì, tí wọ́n ti géètì pa, ta ni yóò fún un lómi? Ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún sínú ìwé náà, kí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i kí ajá tó wọlé.